Kóòtù Dọ́là Méjìlélógún

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé,
aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, àjà kọkànlá,
ilé iṣẹ́ adójútòfò kan láàárín gbùngbùn Wínípẹ̀gì.
Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Kọ́bọ́ọ̀dù wò mí, èmi náà wò ó.
Súwẹ́tà mẹ́ta, jákẹ́ẹ̀tì yìnyín kan tó sanra jù mí lọ,
àti bùbá tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo wọ bàálù.

Fadérera pè mí lórí fóònù: "Lọ sí ilé ìtajà ńlá yẹn,
irinwó dọ́là ó lé díẹ̀ ni, fi káàdì rà á.
Aṣọ là ń kí ká tó kí ènìyàn."
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti mọ gbèsè:
kì í bá ni wọ yàrá íńtáfíù kó dákẹ́ jẹ́ẹ́,
yóò máa fi ìgúnpá gún ni níhàá
bí wọ́n bá ti béèrè pé, "Èló lẹ fẹ́ gbà?"

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí òpópónà Sájẹ́ǹtì,
òtútù ń bu imú mi jẹ bí ẹni ń jẹ obì,
mo yà sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ àlòkù.
Ẹ̀rín pa mí lẹ́nu ọ̀nà.
Nílé, ní Ìkìrun, òkìrìkà là ń pè é,
a máa ń rò pé òkun ló bí i.
Èmi rèé níbi orísun odò,
kí wọ́n tó dì í ní béèlì,
kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e,
kí wọ́n tó tú u dà sílẹ̀ fún wa.
Níbí, orí hángà ló wà. N kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìyá mi ránṣọ títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì.
Ohùn rẹ̀ bá mi tọ ìlà hángà lọ:
Má wo bọ́tìnnì, bọ́tìnnì a máa purọ́.
Yí aṣọ dà. Inú ni kóo wò.
Bí òwú bá ti ń yọrí bí ekòló lẹ́yìn òjò,
gbé e padà, má dúpẹ́.
Èjìká ni kóo kọ́kọ́ wọ̀n.
Ìbàdí ṣe é gbà wọlé, ẹsẹ̀ ṣòkòtò ṣe é ká,
ṣùgbọ́n èjìká tó bá ti já wálẹ̀,
Ọlọ́run nìkan ló lè tún un rán.

Pupa kan ń pè mí. Mo dá a lóhùn, mo wọ̀ ọ́:
gbàgẹ̀rẹ̀, bí ọmọdé nínú ẹ̀wù bàbá rẹ̀.
Aláwọ̀ eérú fún mi láyà
débi pé díẹ̀díẹ̀ ni mo ń mí, bí ẹni ń ṣọ́ owó ná.
Ẹ̀kẹta, díẹ̀ ló kù kí n kọjá rẹ̀.
Aró tó ti jinná, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú,
ìlà rẹ̀ tín-ín-rín, àfi kéèyàn sún mọ́ ọn kó tó rí i.
Ó bá mi mu rẹ́gí.
Mo nawọ́ sókè bí ẹni fẹ́ mú fáìlì lórí pẹpẹ:
ẹ̀yìn kò fà.
Mo jókòó lórí àpótí bàtà:
itan kò pariwo.

Nínú àpò rẹ̀, mo bá tíkẹ́ẹ̀tì sinimá àti súìtì mińtì kan.
Ìyá tó laṣọ yìí tẹ́lẹ̀, ẹ kú ìtọ́jú o.
N kò mọ̀ bóyá ẹ fẹ̀yìn tì ni, tàbí ẹ sanra,
tàbí ohun mìíràn tí n kò fẹ́ rò níwájú dígí.
Mo dá tíkẹ́ẹ̀tì padà sáyè rẹ̀.
Mińtì ni mo sọnù.

Dọ́là méjìlélógún. Luzviminda, aránṣọ ará Filipínsì
tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ,
gba méjìlá láti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò.
Ó ha abẹ́rẹ́ sẹ́nu bíi ti ìyá mi gẹ́lẹ́,
ó bi mí ní nǹkan láàárín eyín.
N kò gbọ́. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọjọ́ Ajé ni mo tó mọ ohun tó bi mí:
ṣé kí ọrùn ẹsẹ̀ hàn síta?
Yìnyín mọ̀ ọ́n kí n tó mọ̀ ọ́n.
Mo gbọ̀n dé àjà kọkànlá.
Obìnrin tó dìde kí mi wo bàtà mi,
ojú rẹ̀ ń gòkè bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́,
ó ní, "Ta ló bá yín rán ṣòkòtò yẹn?"

Mo jókòó.
Itan kò pariwo.