Alárù Ooru

Inú àpótí onígi mọ́kànlá ni ọkọ̀ náà bá dé Àpáta,
irin nínú páálí, bóòtù nínú ọ̀rá,
ìwé ìtọ́sọ́nà tó nípọn bí ìwé orin ìjọ.
Ọdún mẹ́rin ni Ìyá Fẹ̀hìntọlá fi tò ó,
tíṣà físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì,
òun àti Bísíríyù wẹ́dà, lábẹ́ igi máńgòrò,
títí ó fi dìde dúró bí ọkọ̀ ayé àwọn bàbá wa:
imú gbọọrọ, iná méjì bí ojú òwìwí,
ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sanra ju ẹsẹ̀ iwájú lọ.
Ó wá pupa, ó pupa bí ìkóódẹ.

Oṣù Ẹrẹ́nà ló ránṣẹ́ pè mí,
nígbà tí páànù òrùlé ń ké pàkà nínú oòrùn.
"Lámídì, mo fẹ́ kí inú rẹ̀ tutù.
Ṣùgbọ́n ojú kankan ò gbọdọ̀ rí ohun tó ń mú un tutù.
Ọkọ̀ àtijọ́ ni. Kò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọdún méjìdínlógún lẹ́nu iṣẹ́,
ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí rí pé kí n fi ọwọ́ mi pamọ́.
Ààyè dà? Ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ.
Mo fi páálí wọ̀n ọ́n, mo fi ìka wọ̀n ọ́n,
mo sùn sábẹ́ rẹ̀, mo fi ojú wọ̀n ọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ló kọ́kọ́ yarí.
Mo gbé e sókè, ó yọjú bí ọmọ tó ń wo àlejò láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn.
Mo gbé e sísàlẹ̀, gbogbo kòtò ọ̀nà Omi-Àdìó ló fẹ́ gbá a lẹ́nu.
Bísíríyù tẹ irin kan fún un bí apá abiyamọ,
ó wá fara mọ́ ọn, ó dákẹ́.
Kọ̀ńdẹ́ńsà, mo kùn ún dúdú bí ìdí ìkòkò,
mo há a sáàárín asẹ́ iwájú àti rédíétọ̀;
ẹni bá bẹ̀rẹ̀ wò ó, òkùnkùn ló rí.
Họ́ọ̀sì méjì, tínrín àti sísanra,
mo mú wọn gba inú irin gbọọrọ tó gbé ọkọ̀ dúró.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún fà wọ́n jáde:
họ́ọ̀sì tó bá fara kan irin gbígbóná,
gáàsì rẹ̀ á sá lọ láìdágbére.
Bọ́tìnnì ńkọ́? Inú àwo eérú sìgá ni,
nínú ọkọ̀ obìnrin tí kò mu sìgá rí.

Ọjọ́ tí mo rọ gáàsì sí i, mo ní, "Màmá, òtútù ti ń bọ̀."
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ pè mí dìde ní kíláàsì.
"Kò sí ohun tó ń jẹ́ òtútù, Lámídì.
Ooru nìkan ló wà. Ẹ̀rọ rẹ kàn ń rù ú jáde ni,
ó ń lọ dà á nù, ó ń padà wá gbé òmíràn."
Háà. Gbogbo ọdún yìí, mo ṣe bí òtútù ni mò ń tà,
àṣé alárù ni mí,
bí àwọn tó ń gbé àpò gààrí ní Bódìjà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wà á lọ sí Ìyágankú. Èrò pé lé e.
Wọ́n fọwọ́ kan imú rẹ̀, wọ́n ka táyà rẹ̀.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, "Màmá, nínú oòrùn yìí, ẹ ò láàgùn?"
"Ara àgbà ni," ó fèsì.
Mo dúró láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi bí omi gbígbóná.
Mo gbé e mì.

Ọmọ kékeré kan tó ń ta piọ̀ wọ́tà ló bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀:
tó, tó, tó, lórí ọ̀dà gbígbóná.
"Ẹ wò ó! Ọkọ̀ yín ń tọ̀!"
Ìyá Fẹ̀hìntọlá wò mí nínú dígí.
Èmi náà bá gbójú sókè,
mo ń wá òjò.