Orúkọ Àárín

Orúkọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn olúkúlùkù wa níbí:
ti ara ẹni, ti ìdílé,
ti bàbá sì há sí àárín.
Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
lọ́dọ̀ tiwa, bàbá ni wọ́n ń wò,
ìbáà ṣe pé kò sí nílé.

Rodion Zakharovich ni mí.
Zakhar gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún tí mo pé mẹ́sàn-án,
ó ní òun fẹ́ bá ẹnì kan tún ẹ̀rọ omi ṣe ní òpópónà kejì.
Ó ti di ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.
Omi yẹn ò tíì yéé jò.

Síbẹ̀ kò sí nọ́ọ̀sì, kò sí akọ̀wé báńkì
tó máa pè mí tí kò ní pe òun náà mọ́ mi.
"Rodion Zakharovich, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí ibí."
Mo máa ń bojú wẹ̀yìn, bóyá ó ti dé.

Ìyá mi ní bàbá tó dáa ni bàbá tó ń mówó wálé.
Ìyá tó bí ìyá mi ní bàbá tó dáa
ni èyí tí kì í mutí yó lọ́jọ́ Ajé.
Igi tí wọ́n ní kí ọkùnrin fò nìyẹn;
ológbò arúgbó á fò ó tòun ti oorun lójú.

Èmi náà ń mówó wálé.
Oṣù méjì ní àríwá, níbi tí a ti ń fa gáàsì lábẹ́ ilẹ̀ dídì,
oṣù kan nílé.
Irùngbọ̀n mi a di yìnyín, ìpéǹpéjú mi a funfun,
n ó darúgbó láàárọ̀,
n ó tún padà di ọ̀dọ́ nídìí ààrò lálẹ́.
Inú fóònù ni Agniya ọmọ mi ń gbé nígbà náà.
Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá já, ojú rẹ̀ a dúró gbagidi,
ẹnu yíyà, síbí lọ́wọ́.
N ó máa wo síbí yẹn títí iná fóònù á fi kú.

Mo délé lóṣù Kejì, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀.
Taisiya ní, "Dádì rẹ nìyẹn."
Ó wo fóònù lórí tábìlì, ó wò mí láti òkè délẹ̀,
ó ní, "Dádì kì í tóbi tó báyìí."

Mo lọ fá irùngbọ̀n mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Taisiya ò tíì ti ibi iṣẹ́ òru dé.
Aago méje, ìta dúdú bí ìdí ìkòkò,
irun ọmọ rí bíi koríko tí màlúù sùn lé.
Ọwọ́ mi mọ páìpù, ó mọ sípánà tó gùn ju ẹsẹ̀ ọmọ lọ.
Kò mọ irun.
"Pín in sí mẹ́ta," ni Agniya wí, ọmọ ọdún mẹ́rin, ọ̀gá mi.
Mo pín in sí mẹ́ta.
Èyí tó wà láàárín ló ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ṣáá.
"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"
"Díẹ̀."

Lẹ́nu àtẹ̀gùn, Ìyá Praskovya wo orí ọmọ, ó mi tirẹ̀:
"Ọwọ́ ọkùnrin ò wà fún irú èyí."
Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá. Ẹ wo bó ṣe wọ́.

Ní jẹ́lé-ó-sinmi, olùkọ́ tuntun ní kí wọ́n sọ orúkọ wọn pé.
Mo dúró nídìí kọ́bọ́ọ̀dù kékeré, ṣòkòtò òjò dídì rẹ̀ lọ́wọ́ mi,
ó ń kán tótó sí bàtà mi.
"Agniya," ó ní, ó gbé itọ́ mì, "Ro-dio-nov-na."
Ó rọra gbé mi kalẹ̀ níwájú gbogbo wọn
bí ẹni gbé abọ́ ọbẹ̀ tó kún.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé mi padà.

Ó sáré dé ọ̀dọ̀ mi. "Ó ti tú."
Mo kúnlẹ̀ sórí táìsì tútù,
mo pín in sí mẹ́ta.