Nọ́ńbà Kejì

Kétu ni wọ́n bí mi, Àjàṣẹ́ ni mo ti ń kan páànù.
Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń gun orí ilé wọn,
síbẹ̀ "Ará Kétu" ni wọ́n ń pè mí láti ìsàlẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ náà ni ti afẹ́fẹ́:
ibi tó ti wá ni orúkọ rẹ̀, kì í ṣe ibi tó ń lọ.
Bí rédíò bá ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn,
ẹ kọjú sí ọ̀nà Kútọnu,
iwájú orí yín ni yóò kọ́kọ́ bà.

N kò tètè mọ èyí.
Nígbà tí mo jẹ́ ọmọṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Múfútáù,
mo rò pé gúúsù ni afẹ́fẹ́ ń rè, bí ẹni ń rajà,
mo sì to páànù kí etí rẹ̀ yanu sí ọ̀sà.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, ní Jásìn.
Rédíò ọ̀gá so rọ̀ lára igi ìbẹ́pẹ,
ó sọ ọ́ ní Faransé, ó sọ ọ́ ní Gùn, ó wá sọ ọ́ ní èdè wa:
afẹ́fẹ́ kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní wákàtí kan,
ẹ̀fúùfù òjijì lè tó márùndínláàádọ́ta lẹ́yìn ọ̀sán.
Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo gbọ́.
Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Kẹ̀kẹ́ ọmọ iléèwé ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Mo mu gaàrí mi tán, mo gun àkàbà.

Nọ́ńbà kìíní ni ìwà tí afẹ́fẹ́ ń hù lójoojúmọ́,
bí ọkọ tí kì í pariwo,
tí àwọn aládùúgbò ń yìn.
Nọ́ńbà kejì ni ọwọ́ tó máa ń gbé sókè
lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a tó ṣẹ́jú.
Èyí tí a pín dọ́gba kò ṣí òrùlé ẹnikẹ́ni rí.

Aago méjì kọjá díẹ̀.
Àwọn lékèélékèé etí omi yí padà lẹ́ẹ̀kan náà,
wọ́n kọ àgógó sí ọ̀nà Kútọnu.
Ọ̀gá rí i. Ó pè mí. N kò gbọ́.
Páànù kẹtàdínlógún ṣì wà lórí ìṣó méjì
nígbà tí nǹkan kan mí sábẹ́ rẹ̀.
Kò tì í, ó gbé e ni,
bí ìyá ṣe ń ṣí ìdérí ìkòkò wo ọbẹ̀.
Mo dì í mú, èmi òmùgọ̀!
A kì í bá ẹ̀fúùfù du ẹrù tó ti gbé lérí.
Ó gba orí àtàǹpàkò mi kọjá,
ó fo ọgbà Ìyá Bẹ̀nádẹ́ẹ̀tì,
ó gúnlẹ̀ sáàárín ẹ̀gẹ́ wọn, ó dúró ṣánṣán.
Ewúrẹ́ kan ń jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀; kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ọ̀gá fi àkísà di ọwọ́ mi. Kò bú mi.
Ó ní: "Kí ni rédíò wí láàárọ̀?"
Mo ní: "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."
Ó ní: "Èkejì ńkọ́?"

Èmi náà ti lọ́mọṣẹ́ báyìí, Gàfárù.
Mo ń sọ fún un pé ti gbogbo ìlú ni mẹ́tẹ́ò ń sọ,
kò mọ ilé oníbàárà wa;
pé àlàfo tó wà láàárín pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì
a máa fún afẹ́fẹ́ lọ́rùn títí yóò fi bínú.
Kó wo aṣọ tí wọ́n sá. Kó wo èéfín àwọn ayangbẹ ẹja:
bí èéfín bá dùbúlẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀.

Níjẹta, rédíò ní àádọ́ta.
A fi okùn di páànù mọ́lẹ̀, a jókòó sábẹ́ máńgòrò.
Títí ilẹ̀ fi ṣú, ewé kan kò mì.
Onílé dé, ó wo òkè, ó wò wá,
ó yọ owó ọjọ́ kan kúrò nínú owó wa.
Gàfárù ń kùn.
Mo fi àtàǹpàkò tí kò léèékánná mọ́
ka ìyókù sẹ́fà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ó pé.