Ìṣẹ́tí Aṣọ Míìsì Kámálà

Kúrútà ni ó pè é.
Ẹ̀rín pa mí, n kò lè mú un mọ́ra:
aṣọ tó gùn kọjá orúnkún,
ẹ ń pe orúkọ ẹ̀ ní kúrú?
Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún mẹ́rin
tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní físíìsì n'Ìkéré níbí,
ó mọ ìyàtọ̀ kúrú sí gígùn,
ó tilẹ̀ ń pe ilé ní ulé, bí ọmọ bíbí Odò-Ọjà.

Inú ìwé ìròyìn ló dì í sí,
aṣọ aláwọ̀ máńgòrò tó pọ́n,
ọ̀kín méjì kọjú síra wọn láyà,
jígí wẹẹrẹ, kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ,
tí wọ́n fi òwú yí etí wọn ká
bí ẹni fọwọ́ méjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mú.
Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì,
Olósùnta bá gba ojú fèrèsé wọlé,
ó pín ara ẹ̀ sí ogójì nínú àwọn jígí náà,
òkúta ńlá, ó wá di ohun tí abẹ́rẹ́ lè gbé.

Jígí mẹ́ta ti jábọ́. Ọ̀kín kan ti fọ́jú.
"Ẹ bá mi tún un ṣe," gbogbo ohun tó sọ nìyẹn.

Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Fágbùyì,
tí mo ti ṣe ọnà sọ́rùn agbádá àwọn olóyè
títí àtàǹpàkò mi fi le bíi páànù,
mo ní wọn yóò mọ̀ pé ọwọ́ wà n'Ékìtì.
Mo fọ́ jígí àpamọ́wọ́ mi,
mo fi ọmọ ọlọ lọ etí ẹ̀ títí kò fi lè géni mọ́.
Ọ̀kín ríran.
Ìgbà náà ni mo dé ìṣẹ́tí:
òwú ibẹ̀ ń rìn ségesège bí ọ̀mùtí,
ewé kan fò kọjá ẹ̀ka ẹ̀,
òdòdó kan kò pé.
Mo ní háà! Oníṣẹ́ wo ló jẹ́ kí èyí jáde?
Mo tú u. Ìlà lẹ́yìn ìlà, mo tú u,
mo tún un rán, ó gún bíi rúlà.

Ọjọ́ tó dé, ó wo ọ̀kín, inú ẹ̀ dùn.
Ó fọwọ́ tọ ìṣẹ́tí, kò tilẹ̀ wo ibẹ̀,
ìka ẹ̀ ló ń wá nǹkan:
ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ.
Ó jókòó sórí àpótí àwọn ọmọ iṣẹ́.

Ìyá ẹ̀ ló rán an. Ọdún tó ṣe é
lọdún tí ojú ẹ̀ ń kú lọ.
Láti ọrùn ló ti bẹ̀rẹ̀,
ìmọ́lẹ̀ ń dín bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀,
nígbà tó fi dé ìṣẹ́tí, ọwọ́ nìkan ló kù.

Ta ló rán mi níṣẹ́ pé kí n tún ibẹ̀ ṣe?
Kò bú mi. Ì bá tiẹ̀ bú mi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tan àtùpà, mo tú tèmi.
Ọlọ́run ṣàánú: aṣọ kì í tètè gbàgbé.
Ihò abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ṣì wà lára ẹ̀.
Mo pa àtùpà. Mo fi ìka wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan,
mo gba ibi tí ìyá arúgbó kan gbà,
mo ṣìnà níbi tó ti ṣìnà,
mo gún ara mi lọ́wọ́, bóyá níbi tí òun náà ti gún ara ẹ̀.
N kò lè búra pé gbogbo ẹ̀ bára mu.
Ewé yẹn, ó dá mi lójú.
Òdòdó aláìpé yẹn náà.

Òun ló wọ̀ lọ sí ulé nígbà tí táàmù parí.

Ọdún wo nìyẹn? Náírà ṣì lágbára.
Lónìí, dókítà kan l'Ádó ń tan iná sí mi lójú,
ó ń béèrè pé ìka mélòó lòun nà sókè.
Ìbíyẹmí, ọmọ iṣẹ́ mi, mú abẹ́,
ó fẹ́ tú ìlà tí mo rán lánàá.
Mo ní, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.