Owó Ọkọ̀ Omi

Wàkílù kó pákó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Balógun,
ó kó ihá àgbọn tó ṣà jọ ní etí ọ̀sà,
ó gbé fáànù kan tó ti gbàgbé ẹni tó kọ́kọ́ rà á,
ike fífẹ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́,
ẹ̀rọ ìfami tí kò ju ìkúùkù ọmọ ọwọ́ lọ.
Mo ní, "Àbúrò, kí lo fẹ́ fi gbogbo pàǹtí yìí ṣe?"
Ó ní, "Ooru inú ilé yìí ni mo fẹ́ ná."

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni. Ọyẹ́ ti fá ètè gbogbo wa.
Aṣọ tí mo sá, n kò tí ì yíjú, ó ti gbẹ gan-an bí ẹja panla,
síbẹ̀ tó bá di ọ̀sán, páànù á máa yan wá lórí màṣíìnì.

Ó kan àpótí, ó dá ojú mẹ́ta sí i,
ó fi wáyà àgọ́ adìyẹ há ihá àgbọn mọ́ ojú kọ̀ọ̀kan.
Omi ń kán láti òkè, tó, tó, tó,
ó ń rìn gba inú ihá wálẹ̀ sínú ike,
ẹ̀rọ kékeré tún ń gbé e gòkè.
Fáànù jókòó sáàárín, ó ń fa afẹ́fẹ́ ìta
gba inú ihá tútù yẹn wọlé tọ̀ wá wá.
Sólà kan ṣoṣo lórí òrùlé ló ń bọ́ ọ.

"Níbo ni òtútù yìí ti ń wá?"
"Kò wá láti ibì kankan, ẹ̀gbọ́n mi.
Ooru ló ń lọ.
Omi tó bá fẹ́ gbéra fò lọ ní láti wọkọ̀,
wọn kì í sì í gbé e lọ́fẹ̀ẹ́.
Ooru ni owó ọkọ̀ rẹ̀,
àpò afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ló ti ń yọ ọ́.
Afẹ́fẹ́ tó wọ àpótí ní ọlọ́rọ̀,
òtòṣì ló máa jáde sí yín lára."

Mo wá rántí bí mo ṣe ń gbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ nígbà ọyẹ́.
Àṣé àpò mi ni omi ń tọwọ́ bọ̀!

Sàúdátù, tó máa ń fi aṣọ oníbàárà ṣe ìrọ̀rí,
rán kọ́là mẹ́rin kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì.

Àfi Ìyá Gàníyátù tó wá gba ìró rẹ̀.
Ó ní ilé tó ní ẹ̀rọ òtútù, wọn kì í ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀.
Ó tì í, gbà, gbà.
Kò pẹ́, gbogbo wa ń hó jẹ́jẹ́ bíi mọ́ínmọ́ín nínú ewé.
Wàkílù sáré wọlé pẹ̀lú àkàrà lẹ́nu:
"Èyí kì í ṣe ti àwọn olówó, Ìyá!
Afẹ́fẹ́ tó ti mu omi yó, ẹ jẹ́ ó rí ọ̀nà jáde."

Nígbà tó fi di Okúdù,
ọ̀sà gun òkè wá bá wa nílé.
Iyọ̀ di omi nínú àwo.
Aṣọ sùn lórí okùn ní ọjọ́ mẹ́ta, kò gbẹ.
Àpótí ń yí, omi ń kán,
ara wa kàn ń lẹ̀ sí i ni.
Wàkílù na ọwọ́ síwájú ihá, ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ọkọ̀ ti kún," ó ní. "Ẹ wo èbúté lọ́jọ́ ọjà.
Bí o tilẹ̀ ní owó lọ́wọ́,
bí atukọ̀ bá ti ní kò sí àyè, kò sí àyè nìyẹn."

Kò tijú. Ó yọ ihá, ó fi kọ́ sórí ìṣó,
ó ní ó di ìgbà ọyẹ́.
Ó fi fáànù nìkan sílẹ̀ fún wa.

Mo ń rán ṣòkòtò ọmọ iléèwé ní ìrọ̀lẹ́ yìí.
Ẹ̀kán òógùn kan jókòó sí mi níwájú orí,
ó di owó mọ́wọ́,
ó ń wo ojú omi.