Bátànì Enid

Mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù àánú kan nítòsí ibùdókọ̀ ní Halifax,
àádọ́ta péńsì,
láàárín ìwé oúnjẹ sísè àti ife tí etí rẹ̀ ti kán.
Lójú àpò rẹ̀, obìnrin mẹ́ta dúró lórí ìka ẹsẹ̀
bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó wọn.
Ìbàdí wọn kò ju ọrùn ìgò lọ.
Tèmi ti bímọ méjì, ó sì mọ adùn iyán.

Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí igun kan:
Enid Sutcliffe. Pẹ́ńsù. Ọwọ́ tó fara balẹ̀.

Mo tú bébà náà sórí tábìlì ìjẹun.
Ó fúyẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, àwọ̀ rẹ̀ ti di ti tíì.
Bí mo bá mí, òun náà á mí.
Mo gbé agolo ẹ̀wà méjì lé e, kó má baà fò lọ.

Lára ègé iwájú, Enid tún kọ ọ́:
Oṣù kẹwàá, tú íńṣì kan sílẹ̀.
Lábẹ́ rẹ̀: oṣù kejìlá, íńṣì méjì sí i.
Lábẹ́ ìyẹn, ìlà kan tí ó ti fi rọ́bà pa rẹ́.
Mo gbé e sójú fèrèsé títí apá fi ń ro mí,
n kò rí i kà.
Oyún ni àbí kéèkì?
N kò ní í parọ́ mọ́ ẹni tí n kò bá pàdé rí.

Màmá mi kò lo bátànì láyé rẹ̀.
Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìpetumodù,
á ní kí oníbàárà yí po lẹ́ẹ̀kan péré,
á fojú wọ̀n ọ́n, á gbé sísọ́ọ̀sì.
"Bébà ò mọ èjìká," ló máa ń wí.
"Èjìká kan máa ń ga ju èkejì lọ,
bí Ọlọ́run ṣe rán an nìyẹn."
Èmi náà gbìyànjú rẹ̀ nígbà kan.
A kì í fojú olójú sòwò ká jèrè:
mo ba yáàdì mẹ́ta jẹ́ kí Kérésì tó dé.

Nítorí náà, Enid ni mo tẹ̀lé.
Aṣọ òwú aláwọ̀ ewé, èso pupa wínníwínní lára rẹ̀.
Nasreen ló gé e fún mi nínú ọjà,
ó fi ìbú ọwọ́ kan lé e,
ó fún mi ní ènì láìmọ̀ pé ènì ló ń jẹ́.
Ọjọ́ Sátidé, òjò tí kì í rọ̀ gan-an, tí kì í sì í dá.
Pínnì kún ẹnu mi. Akínwándé yọjú:
"Aṣọ ìyá àgbà ta nìyẹn?"
N kò lè dá a lóhùn. Pínnì ló gbà á sílẹ̀.

Ara gáùn ti dúró, síkẹ́ẹ̀tì ti fẹ̀,
mo wá apá, n kò rí i.
Ègé kìíní dé ìkẹfà, ó fò ó, ó di ìkẹjọ.
Mo wá abẹ́ tábìlì, mo gbọn àpò náà yẹ́béyẹ́bé.
Bóyá Enid yá ẹnìkan. Bóyá ajá fà á ya.

Mo tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, mo na apá lé e,
mo pe Àbẹ̀kẹ́ kékeré pé kó fi kíréyọ̀nù yí i ká.
Ó yí i ká, ó ya ìka mi máràárùn-ún,
ó ya òrùka, ó ní kí n má gbàgbé èékánná.
Mo gé e.
Ọ̀tún wọlé wẹ́rẹ́.
Òsì ká jọ léjìká, mo tú u lẹ́ẹ̀mẹta,
kí n tó lọ dúró níwájú dígí bí oníbàárà,
kí n tó yí po lẹ́ẹ̀kan péré.
Òsì ló ga.
Mo tú ìbú ìka kan sílẹ̀ níbẹ̀. N kò wọ̀n ọ́n.

Bátànì kò gbà láti padà sínú àpò rẹ̀ mọ́,
apá oníwèé ìròyìn ti mú un wú bí ikùn.
Mo fi àjákù aṣọ dì í.

Ní Sọ́ńdè, mo wọ gáùn náà lọ ra mílíìkì.
Òjò pa á délé. Kò sún kì.