Oyin Ọ̀pẹ

Èmi ni akápò. Ìwé ìṣirò wà lọ́wọ́ mi.
Ohun tí mo kọ lánàá rèé:
igi ìdáná, ìdì méje, òjò ti pa ọ̀kan;
ìkòkò irin mẹ́ta, a yá méjì lọ́wọ́ ìjọ Aládùúrà,
ẹ̀kẹta jẹ́ tiwa, etí rẹ̀ kan ti kán.
Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn: mọ́kàndínlógún.
Àwọn tó wá: méjìlá.
N kò kọ orúkọ àwọn tó kù. Wọ́n mọ ara wọn.

Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
ọyẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀, ó ti padà sókè Ọya,
ó ti wá tó àkókò
tí ọ̀pẹ mẹ́fà tó dúró létí ọ̀sà, ní Bàrígà wa níbí,
máa ń sun ẹkún adùn.
Mẹ́fà ni mo kọ? Ẹ jẹ́ n pa á rẹ́.
Márùn-ún.
Ìkẹfà ti di abẹ́ fẹ́ǹsì,
fẹ́ǹsì ẹni tí a kò rí rí, àfi ọ̀dà pupa rẹ̀:
ILẸ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.

Bàbá Máfimisẹ̀bí ló dá a sílẹ̀.
Àbúrò ẹmu ló ń pe omi ìdájí:
"Kó tó gbọ́n, kó tó kọ́ ìjà,
ẹ gbé e ka iná.
T'ọ̀sán ni ti ọ̀mùtí, t'àárọ̀ ni ti ọmọdé."
Ọdún kẹta rèé tí igbà rẹ̀ ti ń gbẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Orúnkún ló kọ̀ ọ́.
Ọmọ́tẹ́yẹ, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló ń gùn ún báyìí,
pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù méjì tí kò bára mu.
Àwọn kan ní obìnrin kì í gun ọ̀pẹ.
Bàbá ní, "Ṣé ọ̀pẹ ló ránṣẹ́ sí yín?"

Gálọ́ọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀.
Lọ́dún tó kọjá, mẹ́sàn-án.

Omi ń hó. Ó ń hó, kò sì jọ pé ó ń ṣe nǹkan kan.
Mùdáṣírù tó ń lẹ táyà gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ wá fẹ́ iná,
eérú bo gbogbo wa lójú.
Àwọn ọmọ ti tò láti aago méje, ṣíbí lọ́wọ́,
àfi ọmọ Rísíkátù tó mú ìgbakọ wá.
Ó ní, "Ẹ ò ṣáà sọ bí ṣíbí ọ̀hún ṣe máa tóbi tó."

Òjò ò kìlọ̀.
A na tapólì, méjìlá wa,
afẹ́fẹ́ sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wa.
Ni mo bá rí ọwọ́ tí n kò kà:
àwọn tó ń wa yanrìn sọ ọkọ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n sáré wá,
méjì nínú àwọn tí mo ní wọ́n mọ ara wọn,
àti mẹ́gàdì ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, Sálísù,
pẹ̀lú agboòrùn ọ̀gá rẹ̀.
Orí iná ló fi bò, kì í ṣe orí ara rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó rántí ro ìkòkò.

Igo mẹ́rin ló dà.
Ẹ̀kán kan fún ṣíbí kan. Ẹ̀kán kan fún ìgbakọ náà,
ọmọ yẹn sì ń fi ahọ́n wá a kiri
bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù sínú yàrá ńlá.

A gbé ti Bàbá lọ bá a lórí àga rẹ̀.
Ó tọ́ ọ wò. Ó dijú.
"Ó jóná díẹ̀."
Ohun tó ń sọ lọ́dọọdún nìyẹn, a sì máa ń rẹ́rìn-ín.
Lọ́dún yìí, ó jóná lóòótọ́.
A ṣì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ti fọ ọwọ́, mo padà sídìí ìwé.
Ó kù: igo kan, ó wà lọ́dọ̀ Sálísù.
Ìdì igi kan, tó tutù, ti ọdún tó ń bọ̀.
Gègé ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀.
Ọ̀pẹ: márùn-ún.
Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ìyẹn.